Ẹni Àkọ́kọ́ Tó Dé Vallorsa

"Bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí o wá jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ," ni Màmá Àgbà wí. "Ojú ti ń ṣú mi, àmọ́ n kì í bá ẹni tí n kò rí sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rínọlá rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó sì fìdí lé àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Lóde, kùrukùru oṣù kejì ti bo Vallorsa mọ́lẹ̀. Ìlú kékeré ni, kò jìnnà sí Padova. Tí kùrukùru bá ti sọ̀ báyìí, èèyàn kò ní rí ilé ìjọsìn wọn tó wà ní òdìkejì títì, àfi iná orí ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ilé-ìwé ló rán mi sí yín, Màmá."

"Ìyá rẹ ti pè mí. Ó ní ẹ fẹ́ lẹ̀ mí mọ́ ògiri."

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá! Orúkọ yín ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Comune, ìyẹn ìjọba ìlú Vallorsa, fẹ́ kọ́ òkúta mábù kan sára ògiri ilé iṣẹ́ sílíkì àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Orúkọ àwọn ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sára rẹ̀: obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó fa iná mànàmáná wọ ilé, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe dókítà ìlú. Kíláàsì Ẹ̀rínọlá ni wọ́n ní kó ṣèwádìí rẹ̀. "Ní Padova ni obìnrin ti kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé," ni Professoressa Bettin, olùkọ́ ìtàn wọn, wí. "Torino ló kọ́kọ́ jẹ́ olú-ìlú Ítálì. Àwa náà ní tiwa, bó ti wù kó kéré tó." Ó wá fi kún un pé ìlà tó kẹ́yìn wà fún ẹni àkọ́kọ́ tó ti Áfíríkà wá fi Vallorsa ṣe ilé. Tí iṣẹ́ wọn bá pé, comune yóò gbé gbogbo kíláàsì lọ sí Torino, wọn yóò sì sùn síbẹ̀.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ẹ̀rínọlá àti Oyinkán ọ̀rẹ́ rẹ̀, torí àwọn méjèèjì nìkan ni ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀rínọlá ti na ọwọ́ kó tó rò ó.

Ta ni kò mọ ẹni náà? Kí ìjọ wọn tó háyà ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí wọ́n ń lò, kí Mọ́mì Ẹ̀rínọlá tó mọ ibi tí Ítálì wà lórí àwòrán ayé, Màmá Àgbà ti wà ní Vallorsa. Òun ni badante tó tọ́jú ìyá arúgbó kan, tó ń wẹ̀ fún un, tó ń bọ́ ọ, títí ìyẹn fi kú sí i lọ́wọ́. Òun ló ń gba àwọn tó bá ti oko èso Saluzzo dé pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tó ti bó. Òun ló gbé Ẹ̀rínọlá jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Signora Lola, èyí tí wọ́n gé kúrò lára Wúràọlá tó wà nínú ìwé rẹ̀. Àwọn Yorùbá ń pè é ní Màmá Àgbà. Kò bí ọmọ tí wọn ì bá máa fi pè é, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó láàárín wọn láti pe orúkọ rẹ̀ gan-an.

"Ó dáa, kí ni wọ́n ní kí o béèrè?" ni màmá wí.

"Ọdún tí ẹ dé, iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Orúkọ yín, èmi ti mọ ìyẹn. Wúràọlá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó wà nínú permesso, ìwé ìgbélùú yín. Mọ́mì ló máa ń bá yín tún un ṣe."

Màmá Àgbà mi orí.

"Wúràọlá kì í ṣe orúkọ mi," ló wí. "Ọ̀rẹ́ mi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ní pásípọ́ọ̀tù, èmi ni mo ní ẹsẹ̀ ìrìn. Ó yá mi. Òyìnbó kò mọ ojú wa yàtọ̀ síra. Mo ní tí mo bá ti dé, màá wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ fún mi níṣẹ́. Wọ́n fi fún mi ní permesso. Wọ́n fi fún mi nílé. Wúràọlá kú lọ́hùn-ún, èmi ṣì ń jẹ́ ẹ níbí."

"Ma nessuno lo sa?" Ítálì ló bọ́ sí Ẹ̀rínọlá lẹ́nu. "Kò sẹ́ni tó mọ̀?"

"Ta ni màá sọ fún, kí wọ́n dá mi padà? Ìwọ ni mò ń sọ fún yìí, torí ìwọ lo wá béèrè." Màmá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Gbọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ kan ṣoṣo, èyí tí bàbá mi sọ mí. Kí wọ́n má kọ ti ìdílé mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí àwọn ọlọ́pàá questura mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní wá mi wá. Màá kàn máa kọjá níwájú ògiri yẹn, màá sì máa rí ara mi. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Má jẹ́ kí wọ́n kọ Wúràọlá. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Mo ti sìn ín tó."

Ẹ̀rínọlá ní òun gbọ́. Ó la ẹnu láti béèrè orúkọ náà, ó tún pa á dé. Báwo ni ọmọ tí Mọ́mì rẹ̀ tọ́ ṣe máa wo ojú àgbà, kó ní, kí lorúkọ yín?

Màmá rí i, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ojú ń tì ọ́. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Màá sọ fún ọ, àmọ́ kì í ṣe bí ẹní ń sọ iye ẹ̀wà. Ìyá mi kì í pè é láìfi oríkì sí i. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á ní, ọmọ olókè tí í wo ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì láìgun àkàbà..."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti di ohùn ọmọdébìnrin. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n tẹ aago ẹnu ọ̀nà, tí àwọn obìnrin ìjọ sì wọlé pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ àti ariwo, "Màmá wa, Màmá wa, ṣé ara ti yá?"

Màmá Àgbà nu ojú. Ó tẹ̀ mọ́ Ẹ̀rínọlá létí. "Sátidé. Ìwọ nìkan ni kó o wá. Màá ti gbàdúrà sí i. Ó gùn, o máa kọ́ ọ sórí."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Oyinkán dúró dè é lẹ́nu géètì ilé-ìwé.

"Àǹtí Ọlábùnmí mi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Via Piave, ní Mestre, lọ́la. Ó ní òun máa di irun fún àwa méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, òun á sì yà wá sórí Instagram rẹ̀."

"Lọ́la? Mò ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Àgbà."

Oyinkán bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Àgbà! Ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa? Ṣé ó máa sá lọ ni?"

"Mo ti ṣèlérí."

"Sún ìlérí sí Mọ́ńdè. Dai, Ẹ̀rín! Àbí kí n mú Chiara lọ, kí Àǹtí lọ di irun tó ń yọ̀ bí sìpàgẹ́tì?"

Chiara, ọmọ kíláàsì wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbọ́ sìpàgẹ́tì, ó ní kí ni wọ́n ń sọ nípa òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rínọlá náà rẹ́rìn-ín, bó sì ṣe gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, inú ọkọ̀ ojú irin ló ti pe màmá lórí fóònù.

"Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n pè wá sí ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin."

"Háà. Mo ti wẹ̀ o. Mo ti wọ aṣọ funfun mi." Màmá mí kanlẹ̀. "Kò burú. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Ẹ̀rínọlá mọ̀ pé òun lè béèrè orúkọ náà báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn béèrè orúkọ àgbàlagbà lórí fóònù, láàárín èrò, níbi tí Oyinkán ti ń yọ ahọ́n sí i lójú gíláàsì! Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ló rí lójú rẹ̀. Irọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fún màmá kò rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

"Màá wá ní Mọ́ńdè, Màmá."

"Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i."

Irun náà dára. Kò sẹ́ni tó rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tí kò yìn ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ka Bíbélì, àwọn èèyàn ti ń wo àga Màmá Àgbà tó ṣófo. Mọ́mì Ẹ̀rínọlá sọdá títì pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ni wọ́n ti bá a. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti mú ahọ́n rẹ̀. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà kí Ẹ̀rínọlá wọlé rí i ní ọsibítù ní Padova, Mọ́mì lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó wá ku àwọn méjèèjì. Màmá Àgbà dá a mọ̀. Ojú rẹ̀ ń sáré. Ó la ẹnu, "a... a..." ló ń jáde, itọ́ sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ kí n máa pè é, Màmá. Tó bá jẹ́ òun, ẹ fún mi lọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́?"

Ọwọ́ kò mira.

"Àṣàbí? Àníkẹ́? Adùkẹ́? Àyọ̀ká? Àmọ̀kẹ́?"

Ó pe gbogbo orúkọ tó mọ̀. Ó pe orúkọ àwọn ìyá ìjọ, ó pe orúkọ ìyá Mọ́mì, ó pe èyí tó gbọ́ nínú fíìmù. Lẹ́yìn náà kò mọ òmíràn mọ́. Ó fi kálámù sí ọwọ́ òsì màmá, ṣùgbọ́n ìlà wíwọ́ nìkan ló fà. Padova ni wọ́n bí i sí; orúkọ Yorùbá mélòó ló wà lẹ́nu rẹ̀? Màmá Àgbà ń wò ó bí ẹni tó wà nínú kànga tó ń wo ẹni tó ń wá okùn. Nígbà tó yá, ó pa ojú dé. Omi ń yọ níbẹ̀.

Lọ́nà ilé, ó bi Mọ́mì bóyá ó mọ ìdílé tí wọ́n ń kì ní ọmọ olókè tí í wo ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì.

"Olókè wo?" ni Mọ́mì wí. Iṣẹ́ òru ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ti rẹ̀ ẹ́. "Ìlú olókè pọ̀ nílé. Ìyẹn nìkan kò tó láti fi mọ ẹnikẹ́ni. Kí ló dé?"

"Niente. Kò sí nǹkan," ni Ẹ̀rínọlá fèsì.

Wọ́n gbé Màmá Àgbà lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Oṣù kẹta parí. Professoressa Bettin ní ọ̀la ni agbẹ́kùúta fẹ́ gba àwọn orúkọ. Gbogbo ìlà ti pé, ó ku èyí tó kẹ́yìn.

"Ẹ̀rínọlá, nǹkan tìrẹ nìkan là ń dúró dè."

"Professoressa, ṣé a kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo?"

"Òfìfo? Kí nìdí?"

Kò lè sọ ìdí láìtú àṣírí màmá. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ló ń wò ó. Chiara yí padà. "Àbí o ò mọ̀ ọ́n ni? Signora Lola ni. Orúkọ rẹ̀ á kúkú wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀."

"Torí ìlà kan ṣoṣo ni Torino ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ wa?" Ọmọkùnrin kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìn.

Oyinkán tẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ ọ́ ní Yorùbá. "Sọ nǹkan! Wọ́n máa ní àwa aláwọ̀ dúdú la ba iṣẹ́ jẹ́. Orúkọ èyíkéyìí sàn ju kí wọ́n yọ ìlà wa dànù."

Ẹ̀rínọlá dìde, ó lọ síwájú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sójú pátákó: Wúràọlá Babárìndé. Kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí òkúta náà, oòrùn ràn, sindaco, olórí ìlú, so ìgbànú aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ra, àwọn oníròyìn Padova sì wá. Ẹ̀rínọlá wà níwájú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fa aṣọ kúrò, ó gbọ́ ohùn Mọ́mì lẹ́yìn rẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa, ẹ yà fún wa," ó sì rí i pé àga onítáyà kan ló ń tì bọ̀. Ó ti ní kí wọ́n yọ̀ǹda Màmá Àgbà fún òun fún wákàtí kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ fi ya wọ́n lẹ́nu.

"Màmá wa, ẹ wò ó! Ọlọ́run ti gbé yín ga!"

Aṣọ bọ́. Wúrà ni wọ́n fi kun àwọn lẹ́tà náà, wọ́n ń dán yanran. Màmá Àgbà na ọrùn. Ó kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó yí orí, ó ń wá ẹnì kan láàárín èrò, ó rí Ẹ̀rínọlá. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó kàn fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fa ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bo ojú ara rẹ̀.

"Ayọ̀ ni," ni Mọ́mì ń sọ fún àwọn oníròyìn. "È felice, è felice."

Látọjọ́ náà, tí Ẹ̀rínọlá bá lọ kí i, ògiri ló máa ń kọjú sí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, àlejò kan béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ òkúta náà. Wọ́n fi Ẹ̀rínọlá hàn án. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Mọ́mì tó ń jáde lọ, ó sì bọ Ẹ̀rínọlá lọ́wọ́.

"Babáwálé ni mò ń jẹ́, Torino ni mo ti wá. Wọ́n fi fọ́tò òkúta yín sórí WhatsApp ìjọ wa. Orúkọ ìyá mi ni, méjèèjì pé! Ìyá mi kò gun ọkọ̀ òfuurufú rí láyé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wá wà lára ògiri ní Ítálì. Ó sọ fún wa kó tó kú pé òun yá ọ̀rẹ́ òun ní pásípọ́ọ̀tù. Ẹ ṣé o, ọmọ dáadáa."

Ẹ̀rínọlá fa ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ yẹn, kí ni màmá yín máa ń pè é?"

"Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi náà ni. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn láti kékeré. N kò gbọ́ òmíràn lẹ́nu rẹ̀ rí."

"Kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó lè mọ̀? Ìlú wo ni wọ́n ti pàdé?"

"Ìbàdàn ni wọ́n ti pàdé, lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti mú un wá? Ó ti pẹ́ jù, àbúrò." Ó yọ fóònù, ó ní kí Ẹ̀rínọlá bá òun ya fọ́tò níwájú òkúta. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà.

Màmá Àgbà kọ oúnjẹ. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ó kú. Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ gbàdúrà fún ọkàn ìyá wa Wúràọlá. Wúràọlá ni wọ́n kọ sára pósí, òun náà ni wọ́n kọ sórí ibojì. Ìyá ìjọ wo àwọn tó dúró, ó ní ṣé kò sí ẹni tó mọ oríkì màmá, kó fi sìn ín sọ́nà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rínọlá mọ ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kó sọ ọ́.

Kíláàsì lọ sí Torino. Ẹ̀rínọlá kò bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé, ó lọ bá Professoressa Bettin, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: Sátidé, irọ́ ìdánrawò, ìkìlọ̀ màmá, ohun tó kọ sójú pátákó. Olùkọ́ náà mú un lọ sí comune, ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò," ni Ẹ̀rínọlá bẹ̀ ẹ́. "Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

"Signorina, wọ́n ti gbẹ́ ẹ wọ inú mábù," ni ọkùnrin náà wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "A kò lè sọ ọ́ di òfìfo mọ́, comune kò sì ní fọwọ́ sí mábù tí kò ní orúkọ. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká gbẹ́ orúkọ mìíràn sórí mábù pẹlẹbẹ kékeré, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ṣe tán. Èwo ni ká gbẹ́?"

Ó mú kálámù, ó ń dúró.

Ẹ̀rínọlá wo kálámù náà títí ọkùnrin náà fi rọra gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, tí àgbà bá ní kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ lọ lọ́jọ́ tó dá. Ẹ má rò pé ẹni tó ti pẹ́ láyé yóò máa pẹ́ sí i torí tiyín. Ẹ béèrè ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè, kódà tí ojú bá ń tì yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Tí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ẹ kò mọ̀. Ẹ̀rínọlá ti kẹ́kọ̀ọ́ yìí, kò sì ran màmá lọ́wọ́. Obìnrin kan wá sí Vallorsa kí gbogbo wa tó dé, ó wẹ òkú wọn, ó bọ́ wa nígbà ebi, ó gbé ọmọ wa jó. Bàbá rẹ̀ ti fi àdúrà sọ ọ́ lórúkọ kan rí. Ọlọ́run nìkan ló mọ orúkọ náà báyìí, a kò sì lè rí I bi.